Láti Igbá Gígán dé Táńkì Ike: Ìtàn Ohun Jíjò àti Ọwọ́ Tí Ń Dí I

Nínú irú ìwé báyìí, ìtàn ọba, ìtàn ogun àti ìtàn ìtẹ̀dó ni a sábà máa ń kà. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú ní ìtàn, bí a kò bá sì pa ìtàn náà fún àwọn ọmọ wa, ohun tí yóò ti ibẹ̀ jáde lè burú ju ìgbàgbé lásán lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi wí bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nígbà tí a ń palẹ̀ mọ́ fún ìsìnkú àgbà kan nínú ìdílé wa, a rí i pé jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a fẹ́ fi tan iná sí abẹ́ àtíbàbà ń jò. Ike ni táńkì rẹ̀, ó sì ti là ní ìsàlẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ yá sí iṣẹ́, ní òun yóò tún un ṣe. Ó da epo inú rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì, ó ki ọ̀bẹ bọ iná ààrò títí ọ̀bẹ náà fi pọ́n, ó sì gbé e lé ibi tí táńkì ti là. Lójú rẹ̀, táńkì náà ti ṣófo. Kò mọ̀ pé kò ṣófo. Iná bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ó gbá a ní ọwọ́ àti ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọlọ́run ni ó yọ ọ́, ojú rẹ̀ kò fọ́. Ṣùgbọ́n àpá rẹ̀ wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ títí di òní.

Lẹ́yìn tí a ti tọ́jú rẹ̀ tán, ìyá àgbà kan tí ó jókòó sí ẹ̀bá ògiri bi í pé, “Ta ni ó kọ́ ọ?” Ó dáhùn pé, “Ẹ má bínú, Ìyá àgbà, kò sí ẹni tí ó kọ́ mi. Mo rí i pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń fi iná jó irin ni.” Ìyá mi orí, ó ní, “Nígbà tiwa, a kì í gán igbá láìjẹ́ pé a ti jókòó ti ẹni tí ó mọ̀ ọ́n gán.”

Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí bí a ti ṣe ń dí ohun jíjò láti ayé àwọn baba wa títí di ìsinsìnyí, mo sì rí i pé ohun kan ṣoṣo ni gbogbo ìtàn náà ń kọ́ wa: ohun èlò kọ̀ọ̀kan ni ó ní àtúnṣe tirẹ̀, ẹni tí ó bá sì gbé àtúnṣe ti ọ̀kan fún òmíràn yóò fi ara gbá a.

IGBÁ ÀTI ÌKÒKÒ

Kí òyìnbó tó dé, igbá, akèrègbè, ìkòkò, odù àti ọpọ́n ni àwọn baba ńlá wa ní fún omi, fún epo, fún emu àti fún oúnjẹ. Bí igbá bá là, a kì í sọ ọ́ nù. Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa gán igbá. Wọn a fi irin ṣóńṣó dá ihò wínníwínní sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ojú ibi tí ó là, wọn a sì máa fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ rán an láti ihò kan sí èkejì, títí ẹnu méjèèjì yóò fi pàdé. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà kì í fa okùn jù, kí ihò má baà ya. Kì í sì dẹ̀ ẹ́ jù, kí ojú ẹ̀là má baà yẹ̀. Igbá tí a bá gán dáadáa a máa gba ẹ̀lùbọ́, a máa gba ẹ̀wà, a máa gba òwú. Ṣùgbọ́n a kì í sábà dá a padà sí ìdí omi. Alágbà tí ó gán an mọ ibi tí agbára iṣẹ́ òun mọ, ó sì máa ń sọ fún oníbàárà rẹ̀.

Ti ìkòkò yàtọ̀. Ìkòkò tí ó bá ti fọ́, fífọ́ ni ó fọ́; kò sí abẹ́rẹ́ tí ó lè rán amọ̀ tí ó ti jóná. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa kò jẹ́ kí òun náà ṣòfò. Wọn a sọ ọ́ di àpáàdì, wọn a fi fọn iná láti ilé dé ilé, wọn a fi yan nǹkan lórí ààrò. Èyí fi hàn pé ìmọ̀ méjì ni ó wà nínú iṣẹ́ àtúnṣe. Èkínní ni kí a mọ bí a ti ń tún nǹkan ṣe. Èkejì ni kí a mọ èyí tí kò ṣe é tún ṣe, kí a sì fi í sílẹ̀ fún iṣẹ́ mìíràn.

IRIN, GARAWA ÀTI ÒJÉ

Irin kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ wa. Ní Ìsúndúnrin lẹ́bàá Èjìgbò, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kan náà tí a wà nínú rẹ̀ lónìí, àwọn ènìyàn wa ń yọ́ irin láti inú òkúta fúnra wọn. Ọkọ́ tí ó bá ṣẹ́, àdá tí ó bá kán, ìbọn tí ó bá bàjẹ́, ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ ni à ń gbé e lọ. Iná ni oògùn irin. Gbogbo ọmọ tí ó bá ti jókòó lẹ́nu ẹwìrì mọ èyí.

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin gba Ìbàdàn kọjá, tí ó sì dé Òṣogbo ní nǹkan bí 1907, ọjà òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú igbó àti ọ̀dàn wa ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Lára wọn ni epo òyìnbó tí à ń tàn sínú àtùpà. Inú garawa onígun mẹ́rin ni ó máa ń wà, gálọ́ọ̀nù mẹ́rin ní garawa kan. Bí epo bá tán, garawa kò tán. Àwọn obìnrin ń fi í pọn omi, àwọn aláte ń fi í wọn gàrí, àwọn oníṣẹ́ páànù sì ń gé e láti fi ṣe fìtílà, àrọ àti agolo ìwọ̀n.

Garawa náà a máa jò bí ìpàta bá jẹ ẹ́. Ibi yìí ni òjé ti wọlé. Àwọn oníṣẹ́ páànù a yọ́ òjé tí a lú pọ̀ mọ́ tánńganran, wọn a sì fi irin gbígbóná tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ihò. Àdàlù méjèèjì yìí a máa yọ́ ní ìwọ̀n 183 dígírì Celsius bí a bá lú wọn bí ó ti yẹ, èyí tí ó rọlẹ̀ gidigidi sí ìwọ̀n tí irin fúnra rẹ̀ fi ń yọ́. Nítorí náà òjé a ṣàn, páànù a sì dúró. Iṣẹ́ dáradára ni, ó sì ran àwọn òbí wa lọ́wọ́ púpọ̀. Kí á fi èyí sọ́kàn: iná ni wọ́n fi ń dí ohun tí epo wà nínú rẹ̀ rí, wọ́n sì ń ṣe é láìsí ewu púpọ̀. Mo ń padà bọ̀ wá sórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ̀RỌ DÉ

Lẹ́yìn àtùpà ni ẹ́ńjìnnì dé. Ọ̀pọ̀ àwa tí a ti dàgbà ni a rántí ìró ẹ̀rọ ìlọta, tí ń dún “tù-tù-tù” láti ìdájí. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù lọ nínú wọn ni Lister, tí wọ́n ń ṣe ní Dursley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí irú rẹ̀ tí ń lo dísẹ́ẹ̀lì sì jáde ní nǹkan bí 1930. Ata, àgbàdo, ẹ̀lùbọ́ àti ẹ̀gẹ́ tí a fẹ́ fi ṣe gàrí, gbogbo wọn ni ó ń bá wa lọ̀. Irin ni táńkì rẹ̀; bí ó bá jò, a tú u, a gbé e lọ fún ẹni tí yóò jó o, a sì dá a padà.

Àkókò kan tún dé tí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í kéré sí i. Ní 1946, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ọkùnrin ará Japan kan tí ń jẹ́ Soichiro Honda rí àwọn ẹ́ńjìnnì kéékèèké tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun fi ń mú iná wá fún ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ wọn, tí kò sì wúlò fún wọn mọ́. Ó so wọ́n mọ́ kẹ̀kẹ́. Kò ní táńkì tí yóò fi gba epo. Kí ni ó ṣe? Ó mú ìgò omi gbígbóná tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ fi ń mú ẹsẹ̀ wọn gbóná lórí ibùsùn nígbà òtútù, ó sì fi í ṣe táńkì. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kẹ́gàn àwọn ọmọ wa tí ń fi kẹ́ẹ̀gì tàbí agolo dí àlàfo. Ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ńlá gbà bẹ̀rẹ̀. Ní 1965, ilé iṣẹ́ Honda kan náà gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ènìyàn lè fi ọwọ́ gbé jáde.

Ní ilẹ̀ tiwa, a mọ ohun tí ó jẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ di ọmọ ilé. Ẹ̀ka ìjọba tí ń pèsè iná mànàmáná, ECN, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951. A ṣí ìdídò Kainji ní 1969. A sọ ECN àti àjọ tí ń bójú tó ìdídò di NEPA ní 1972. NEPA di PHCN ní 2005. A sì pín in fún àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni ní 2013. Orúkọ ń yí padà, ṣùgbọ́n òkùnkùn kò yí padà tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí a ń pè ní SAP dé ní 1986, tí náírà já wálẹ̀, owó ohun èlò tuntun ga kọjá ọwọ́ tálákà, àtúnṣe sì di ọ̀ranyàn. Lẹ́yìn náà ni jẹnẹrétọ̀ pẹ́pẹ́ẹ̀pẹ́ láti ilẹ̀ Ṣáínà kún ọjà, irú èyí tí àwọn ará ìlú fi ṣẹ̀fẹ̀ pé “mo sàn ju aládùúgbò mi lọ.” Bẹntiróòlù tí a pò mọ́ ọ́ìlì ni ó ń mu.

Ní ibi yìí ni ìtàn náà ti yí padà, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa kò sì kíyè sí i. Epo òyìnbó inú garawa kò lè gbaná ní tààràtà àfi bí ó bá gbóná tó ìwọ̀n 38 dígírì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dísẹ́ẹ̀lì inú Lister ní láti gbóná ju ìwọ̀n 50 lọ. Ṣùgbọ́n bẹntiróòlù, oru rẹ̀ lè gbaná àní bí òtútù bá mú un dé nǹkan bí 40 dígírì sí ìsàlẹ̀ òdo, irú òtútù tí ẹnikẹ́ni kò rí rí ní Ọ̀rà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ tí afẹ́fẹ́ tútù jù lọ nínú ọyẹ́, bẹntiróòlù ti ṣe tán láti jó. Oru náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kì í fò lọ sókè bí èéfín. Ilẹ̀ ni ó ń rìn, ó sì lè rìn dé ìdí ààrò tí ó jìnnà sí i.

Èyí tí ó yani lẹ́nu jù lọ ni pé táńkì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ da epo inú rẹ̀ nù léwu ju èyí tí epo kún inú rẹ̀ lọ. Oru bẹntiróòlù kì í gbaná bí ó bá pọ̀ jù, kì í sì í gbaná bí ó bá kéré jù. Bí a bá pín afẹ́fẹ́ inú táńkì sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, bí ìpín tí ó jẹ́ oru epo bá wà láàárín 1.4 sí 7.6, ìgbà náà ni yóò bú gbàù. Táńkì tí ó “ṣófo” sì ni ó máa ń bọ́ sáàárín ìwọ̀n yìí. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Ó rí bí àwọn oníṣẹ́ páànù ti ń jó garawa epo òyìnbó, àti bí wọ́n ti ń jó táńkì dísẹ́ẹ̀lì, ó sì gbé àtúnṣe náà wá sórí bẹntiróòlù. Ẹ̀kọ́ ayé àtijọ́ ni ó lò fún ohun ayé tuntun.

IKE DÉ

Ike, tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní rọ́bà, ni àlejò ìkẹyìn. Ní oṣù Kẹta 1933, ní ilé iṣẹ́ ICI ní ẹ̀gbẹ́ Northwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn onímọ̀ méjì, Reginald Gibson àti Eric Fawcett, ń dán nǹkan mìíràn wò nígbà tí wọ́n bá ohun funfun kan tí ó rí bí ìda nídìí ohun èlò wọn. Ohun tí wọ́n ṣèèṣì rí yìí ni polyethylene. Lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì, a fi í bo wáyà ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ ọkọ̀ òfuurufú ọ̀tá. Ní 1953, Karl Ziegler ní ilẹ̀ Jámánì rí ọ̀nà tí a fi lè ṣe irú rẹ̀ tí ó le láìlo agbára ìfúnpọ̀ ńlá, òun àti Giulio Natta ará Ítálì sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1963.

Irú ike líle yìí ni kẹ́ẹ̀gì tí a fi ń pọn omi, òun ni ó lé igbá àti garawa kúrò nínú ilé wa. Òun kan náà ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ táńkì epo. Láti 1973 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen ti ń fi táńkì ike sínú ọkọ̀ Passat, tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ dáadáa ní ilẹ̀ yìí. Lónìí ó wà lára àwọn jẹnẹrétọ̀ kan, lára ẹ̀rọ tí a fi ń fín kòkó, àti lára ẹ̀rọ tí a fi ń gé koríko. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: kò ní ìpàta, ó fúyẹ́, a sì lè mọ ọ́n sí ìrísí èyíkéyìí tí àyè bá gbà.

Ṣùgbọ́n ó ní ọ̀tá tirẹ̀. Oòrùn ń gbó o títí yóò fi ràn, tí yóò sì máa hó bí ẹfun. Gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì ń fi í ra irin tí ó gbé e dúró, títí ibẹ̀ yóò fi tín. Bí a bá sì so ó le jù, yóò là ní ojú ibi tí a ti so ó. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ara rẹ̀ ń yọ̀ bí ìda: gọ́ọ̀mù kì í mú un. Ìdí nìyí tí gọ́ọ̀mù ọlọ́pọ̀n méjì tí a ń pò pọ̀, tí ó ń mú irin àti igi dáadáa, fi máa ń ṣí kúrò lára rẹ̀ bí èèpo lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ọṣẹ tí àwọn awakọ̀ máa ń fi pa ojú ihò ń gbani dé ilé. Kì í gbani dé ọ̀la.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Bí ẹ̀kán bẹntiróòlù kan bá ń bọ́ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ohun tí yóò ti ṣòfò láàárín ọ̀sán àti òru kan lè ju líta kan ààbọ̀ lọ. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti kúrò, tí owó epo sì fò sókè, kò sí ẹni tí ó lè pe èyí ní ohun kékeré. Bí ó ti ń jẹ owó náà ni ó ń tẹ́ oru sílẹ̀ fún iná. A kì í fi iná sórí òrùlé kí a lọ sùn.

BÍ A TI Í TÚN UN ṢE

Mo lọ bá àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà, mo sì jókòó tì wọ́n, gẹ́gẹ́ bí ìyá àgbà ti wí. Ohun tí mo kọ́ nìyí.

Kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí ó ń jò gan-an. Nígbà púpọ̀, táńkì kò jẹ̀bi. Rọ́bà tí epo ń gbà kọjá ni ó ti gbó, tàbí rọ́bà róbótó tí ó wà ní ẹnu ihò, tàbí ìdérí. Ìwọ̀nyí, pípààrọ̀ ni à ń pààrọ̀ wọn. Owó wọn kò pọ̀. Kí a nu ara táńkì gbẹ, kí a fi ẹfun pa á, ibi tí ẹfun bá ti kọ́kọ́ tutù ni àrùn náà wà.

Bí ó bá jẹ́ pé táńkì ni, kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, kí a gbé e síta, kí ó jìnnà sí ààrò, sí sìgá àti sí ẹ̀rọ mìíràn tí ń ṣiṣẹ́. Kí a da epo náà sínú kẹ́ẹ̀gì tí ó ní ìdérí, kí a sì dé e. Kí a tú táńkì kúrò. Kí a fi omi ọṣẹ ṣàn án, kí a dà á nù, kí a tún un ṣàn, títí omi yóò fi mọ́. Kí a ṣí ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, nítorí ike a máa mu bẹntiróòlù sínú ara, a sì máa tu ú jáde díẹ̀díẹ̀. Bí òórùn epo bá ṣì wà níbẹ̀, iṣẹ́ kò tíì yá.

Kí a wo ìdí rẹ̀. Bí a bá rí onígun mẹ́ta tí 2 wà nínú rẹ̀, tàbí lẹ́tà HDPE tàbí PE, irú ike ti kẹ́ẹ̀gì ni. Bí a kò bá rí nǹkan, kí a họ díẹ̀ lára rẹ̀ sínú omi: irú ti kẹ́ẹ̀gì yóò léfòó. Bí ó bá rì, ike mìíràn ni, kẹ́ẹ̀gì kò sì lè bá a mọ́ra; kí a gbé e fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn náà, kí a fi irin tín-ín-rín dá ihò kékeré sí òpin ojú ẹ̀là ní ìhà méjèèjì, kí ó má baà tún là síwájú. Kí a họ ojú ẹ̀là náà kí ó ṣí díẹ̀ bí ojú poro. Kí a pọn omi kún inú táńkì dé abẹ́ ojú ẹ̀là díẹ̀, kí àyè má sí fún oru. Irin tí àwọn atúnrédíò-ṣe fi ń jó òjé ni kí a lò, kì í ṣe ọ̀bẹ inú ààrò, kì í sì ṣe iná tí ń jó lálá. Ike kẹ́ẹ̀gì a máa yọ́ ní nǹkan bí 130 dígírì; bí ó bá ń rú èéfín dúdú, irin náà ti gbóná jù. Kí a gé tẹ́ẹ́rẹ́ kan lára kẹ́ẹ̀gì tí ó mọ́, kí a sì máa yọ́ ọ pọ̀ mọ́ ara táńkì, kí méjèèjì wọnú ara wọn. Bí a bá kàn gbé e lé e lórí, kò ní í pẹ́ ṣí. Kí ó tutù fúnra rẹ̀, kí a má ṣe bu omi sí i.

Omi ni kí a fi dán an wò, kì í ṣe epo. Kí omi sùn nínú rẹ̀ mọ́jú lórí bébà gbígbẹ. Bí bébà kò bá tutù, kí a sá táńkì náà gbẹ, kí a sì tó rọ epo sí i. Nígbà tí a bá ń dá a padà, kí a fi rọ́bà pẹlẹbẹ tẹ́ ibi tí ó ti ń ra irin, nítorí ẹni tí ó dí ihò tí kò mú ohun tí ó lu ihò kúrò, iṣẹ́ ọ̀la ni ó ń ṣe.

Ṣùgbọ́n bí ike náà bá ti ń hó bí ẹfun, tàbí bí ó bá là ní ibi púpọ̀, tàbí bí ó bá là ní ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ìkòkò ni ó dà yẹn, kì í ṣe igbá. Kí a ra òmíràn.

Ẹ̀yin ará, ẹ wo bí ó ti rí. Ẹni tí ń gán igbá fi okùn dí igbá. Oníṣẹ́ páànù fi òjé dí garawa. Ike ni a fi ń dí ike. Ìmọ̀ àwọn baba wa kò parun. Ó kàn ń bẹ̀ wá pé kí a wá ìbátan ohun tí ó bàjẹ́ kí a tó gbé ọwọ́ lé e ni. Ohun tí ó dá wa lágara ni pé igbá bá olùkọ́ rẹ̀ wá, irin bá olùkọ́ rẹ̀ wá, ṣùgbọ́n ike àti bẹntiróòlù dá wọ ìlú ni, olùkọ́ wọn kò bá wọn wá.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ ẹgbẹ́ wa. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi, a dúpẹ́ fún àwọn ẹ̀rọ tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sílé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fi irin iṣẹ́ tí a fi ń jó ike kún un, kí ẹ sì bá wa san owó ìkọ́ṣẹ́ fún ọmọ méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ jẹ́ kí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa máa bá àwọn ọmọ ilé ìwé sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nípa epo àti nípa oru rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì ṣì ní ìyá tàbí bàbá tí ó mọ igbá gán, ẹ jókòó tì wọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi náà ti ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan báyìí. Bí wọ́n bá gbé táńkì wá fún un, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni omi àti ọṣẹ. Lẹ́yìn náà, kí ó tó sọ iye owó iṣẹ́ rẹ̀, ó máa ń ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, kí oníbàárà lè rí àpá náà.